Ìrọ̀rùn Ò Sọ Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Di Ọ̀lẹ

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ oníná ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gùn ún lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá ń ráhùn pé ìdí ń ro òun, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ògbólógbòó agunkẹ̀kẹ́: "Fara dà á, ara á mọ́ ọn." Bó bá kọ̀ tí kò fara dà á, tó pààrọ̀ ìjókòó, tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, tó sì ra táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn á yí padà. Wọ́n á ní ó ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Wọ́n á ní iná ló ń bá a wa kẹ̀kẹ́, sípíríìngì ló tún ń gbé e jókòó, kí ló wá kù tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe? Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù á là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá ìrọ̀rùn, kó lọ ra mọ́tò.

Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ pàápàá ti gbà á gbọ́. Lójú wọn, ìyà ni ẹ̀rí pé èèyàn mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ìrọ̀rùn sì ni ti ọ̀lẹ. Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀, ìtàn kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ́rìí ta kò wọ́n.

Ní 1888, dókítà ẹran kan tó jẹ́ ọmọ Scotland, John Boyd Dunlop, ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Belfast. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Láyé ìgbà yẹn, rọ́bà gbagidi tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni wọ́n fi ń ṣe táyà, bí kẹ̀kẹ́ bá sì bọ́ sórí òkúta tí wọ́n tò sí ojú títì, ṣe ni yóò máa gbọn ẹni tó gùn ún jìgìjìgì. Dunlop mú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sọ ọ́ di túùbù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ dè é mọ́ ríìmù. Kí ara lè tu ọmọ ni, kò sí ọ̀rọ̀ ìdíje níbẹ̀ rárá. (Ọmọ Scotland mìíràn, Robert William Thomson, ti gbàwé àṣẹ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀ láti 1845, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀.) Lóṣù karùn-ún ọdún 1889, Willie Hume gbé kẹ̀kẹ́ tó wọ táyà Dunlop lọ síbi ìdíje ní Queen's College, Belfast. Àwọn òǹwòran fi táyà rẹ̀ tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́. Hume kọ́ ni wọ́n ń retí kó gbégbá orókè, síbẹ̀ ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kópa nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló borí. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí eléré ìje tó tún fẹ́ fojú rí rọ́bà gbagidi mọ́.

Ohun tí bàbá kan ṣe kí ọmọ rẹ̀ má baà máa jìyà ló wá yára ju ti àwọn géndé lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí táyà tó le bá kọlu òkúta, kò lè tẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún ni yóò gbéra sókè kí wọ́n tó tún balẹ̀. Agbára tó gbé wọn sókè yẹn, inú èyí tó yẹ kó gbé wọn síwájú ló ti jáde. Apá ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ń gbọ̀n, ìdí ń gbọ̀n, gbogbo ìgbọ̀nrìrì náà sì ń di ooru lásán nínú ẹran ara. Táyà tó rọ̀ níwọ̀n á tẹ̀ fún òkúta, kẹ̀kẹ́ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó yani lẹ́nu pé àwọn eléré ìje gan-an tún gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 23 lọ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n á fẹ́ títí táyà á fi le bí irin, nítorí wọ́n gbà pé èyí tó bá ń gbọ̀n ló ń sáré. Jan Heine tó dá ìwé ìròyìn Bicycle Quarterly sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń wọn táyà lórí títì gidi, ó sì ń kọ ọ́ pé táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò lọ́ra ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìgbà pípẹ́ kọjá kí wọ́n tó gbọ́. Lónìí, mìlímítà 28 tàbí 30 ló wọ́pọ̀ nínú Tour de France, wọ́n sì ń lo èyí tó tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ń lọ sórí òkúta ìdíje Paris–Roubaix. Àwọn tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń já sí owó fún ti yan táyà tó rọ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣì ń sọ fún pé kó máa jẹ̀rora.

Ṣùgbọ́n ohun tó ba ìmọ̀ràn "ara á mọ́ ọn" jẹ́ jù ni pé orí kẹ̀kẹ́ mìíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìdí rẹ̀ gbẹ́rù. Bó ṣe ń tẹ pẹ́dà gidigidi, apá kan nínú ìwúwo ara rẹ̀ ń kúrò lórí ìjókòó bọ́ sórí ẹsẹ̀. Bó bá dé òkè, á dìde dúró, ìdí á sinmi. Bó bá rí kòtò níwájú, á gbé ara sókè díẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ á sì fò ó. Lórí kẹ̀kẹ́ oníná, ẹ́ńjìnnì ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sídìí tí èèyàn á fi dìde lórí òkè, gbogbo ìwúwo ara wá jókòó pa sójú kan láti ilé dé ibi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ wúwo: kílò 20 sí 25 kì í ṣe nǹkan àjèjì, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ìyẹn fo kòtò. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín táyà ẹ̀yìn, táyà yẹn á wúwo sí i, bó bá sì já sí kòtò, abẹ́ ìdí tààrà ni ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ń dé. Ẹ fi kún un pé kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan ni èèyàn ń bá lọ ṣáá, ibi tí òun ìbá ti máa rọra yọ́ kọjá tẹ́lẹ̀. Ara tó mọ́ kẹ̀kẹ́ eléré ìje kò tíì rí èyí. Ìmọ̀ràn wọn dára fún wọn. Fífi í lé ẹlòmíì lórí ló jẹ́ àgídí.

Ẹ̀sùn ọ̀lẹ ńkọ́? Ní Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, àwọn onímọ̀ mú èèyàn 20 tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá, wọ́n fún wọn ní kẹ̀kẹ́ oníná fún oṣù kan, kí wọ́n máa gùn ún ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ìṣẹ́jú 40. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 ni pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn lágbára sí i, ara wọn sì ń bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2019 béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ìlú méje ní Yúróòpù. Ó rí i pé eré ìdárayá tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ iná ń ṣe kò dín sí ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ lásán, nítorí pé wọ́n ń rìn jìnnà jù wọ́n lọ. Bí kẹ̀kẹ́ oníná tòótọ́ ṣe rí nìyẹn: bí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì náà dúró. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú bí èèyàn ṣe ń gùn ún léraléra tó, kò sì sẹ́ni tó ń fi gbogbo ọjọ́ padà sórí ohun tó ń dá egbò sí i nídìí. Ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n ń tà ní àlòkù, kí ẹ tẹ géèjì tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ó rí èyí tí kò tíì rìn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Olówó rẹ̀ gbìyànjú, ara ò mọ́ ọn, ó tà á.

Nílẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó ń bá wa ṣe irú àríyànjiyàn yìí nígbà kan. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tó ti Nottingham wá, tí àgbẹ̀ oníkòkó àti tíṣà fi ń ṣe fújà, ìjókòó awọ tó ní sípíríìngì nísàlẹ̀ ló ní. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún, bàbá á jókòó, ẹ̀yìn á nà ṣánṣán, á sì máa kí èèyàn lọ lójú ọ̀nà. Bí ìyàwó bá máa jókòó sórí káríà, wọ́n á ká aṣọ síbẹ̀ kó tó gùn ún. Ta ló tó pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Kí a tó máa pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó ń wá ìrọ̀rùn, àwọn náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sáré rà ni ìjókòó fàkìàfakia tí fọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á rọ̀ mùkẹ́mùkẹ́. Bí wọ́n bá gùn ún fún ìdajì wákàtí, ìrora á padà, á tún burú sí i. Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìdí tí Ọlọ́run dá pé kó máa gbé wa jókòó. Bí fọ́ọ̀mù bá rọ̀ jù, àwọn egungun yìí á rì sínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù àárín á wá ga sókè, á máa fún ibi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ojú ara. Ibẹ̀ ló ti ń kú tipiri. Ìjókòó tó bá fẹ̀ tó ń gbé egungun méjèèjì, tó sì le díẹ̀, ló ń tu ara. Brooks ti Birmingham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1866, ti gbàwé àṣẹ lórí ìjókòó awọ láti 1882, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ títí dòní: awọ tí wọ́n nà, tí kò ní fọ́ọ̀mù kankan, tí í máa gba àwòrán ìdí olówó rẹ̀ bó bá ṣe ń pẹ́.

Ọ̀nà tí èèyàn fi ń mọ ìwọ̀n tirẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀. Kó fi páálí oníhò, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù, sórí àga tó le. Kó jókòó lé e, kó gbé orúnkún sókè díẹ̀, kó dìde. Ojú ibi tí egungun méjèèjì ti tẹ páálí á hàn kedere, kó wọn àárín wọn. Ẹni tó ń nà ṣánṣán lórí kẹ̀kẹ́ nílò ìjókòó tó fẹ̀ ju ti ẹni tó ń tẹ̀ síwájú lọ, nítorí pé orí egungun yẹn gan-an ló jókòó lé. Ká fi ọ̀bẹ gé ọ̀rọ̀ náà: ìjókòó tó bá ẹlòmíì mu kò fi dandan bá ọ mu, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjókòó ló yẹ kó ṣáájú, táyà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ táyà wọn títí dé nọ́ńbà tó ga jù tí wọ́n kọ sí ara rọ́bà, bí ẹni pé àṣẹ ni. Òpin ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó fúyẹ́ lè dín in kù dáadáa, kó sì máa fi géèjì wò ó kó má baà kéré ju èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ. Bí àyè bá wà láàárín irin iwájú àti lábẹ́ mọ́dígáàdì, kó ra táyà tó fẹ̀. Schwalbe, ilé iṣẹ́ táyà ní Jámánì, sọ nípa Big Apple wọn pé èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 60, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ bar 2 péré, ń yí wẹ́rẹ́ bíi táyà mìlímítà 37 tí wọ́n fẹ́ dé bar 4. Afẹ́fẹ́ náà ni sípíríìngì tó dára jù lórí kẹ̀kẹ́, kò ní bóòtù, kì í dípẹtà, iṣẹ́ tí Dunlop gbé e kalẹ̀ fún náà ló ṣì ń ṣe.

Ti ọwọ́ ló kàn. Ẹni tí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri, iṣan kan ló ń tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níbi àtẹ́lẹwọ́, ìbọ̀wọ́ tó nípọn nìkan kò sì ní wò ó. Ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ fà á sẹ́yìn, ìwúwo á dín kù lórí àtẹ́lẹwọ́. Àmọ́ níbí ni iṣẹ́ yìí ti ń fẹ́ làákàyè. Wáyà bíréèkì àti ti géèjì, títí kan wáyà tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, gbogbo wọn ni wọ́n gé ní ìwọ̀n ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti àtijọ́. Bí ẹ bá ti gbé e sókè tán, ẹ yí i dé òpin ní apá òsì, kí ẹ yí i dé òpin ní apá ọ̀tún. Bí wáyà kankan bá na tantan, ó ti kúrú. Ẹ má gùn ún. Bíréèkì tó ń lo epo ní tirẹ̀, òpó epo tuntun ló máa gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pá ìjókòó tó ní sípíríìngì náà wúlò gan-an fún kẹ̀kẹ́ oníná, bí wọ́n bá yan sípíríìngì rẹ̀ ní ìwọ̀n kílò ẹni tó máa jókòó lé e. Ó máa ń ga ju ọ̀pá lásán lọ, kí ẹni kúkúrú kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì balẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú olówó pọ́ọ́kú ní tirẹ̀, irin lásán ni, ó wúwo, kì í tẹ̀.

Nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyẹn iná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé ọdún 14 lè gun kẹ̀kẹ́ oníná láìní láísẹ́ǹsì tàbí ìbánigbófò, bí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ju wáàtì 250 lọ, tó sì ń jáwọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dé máìlì 15.5 láàárín wákàtí kan. Bí ẹnikẹ́ni bá tú ìdè yẹn, alùpùpù tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń gùn lójú òfin, ọlọ́pàá sì láṣẹ láti gbà á. Ti bátìrì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn panápaná Lọ́ńdọ̀nù ń kìlọ̀ ṣáá nípa bátìrì àti ṣájà àdàpọ̀ mọ́ra tí àwọn èèyàn ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán nílé. Láti oṣù kẹsàn-án 2023, òfin ìlú New York kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta kẹ̀kẹ́ oníná tàbí bátìrì rẹ̀ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ààbò UL. Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní Jámánì ti to àwọn ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ oníná sí ìsọ̀rí mẹ́rin kí àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe má baà ṣìnà: ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti ṣájà wà nínú ti àkọ́kọ́ tí a kì í dédé pààrọ̀, ohun ìdìmú ọwọ́ àti pẹ́dà wà nínú ti ìkẹyìn tí kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìlà tó yẹ ká fà nìyẹn. Ó wá ṣeni ní kàyéfì pé ẹni tó bá fi nǹkan tú ìdè iyára, àwọn èèyàn á máa bi í léèrè ibi tó ti rà á, ẹni tó fi sípíríìngì sábẹ́ ìdí ni wọ́n á ní ó ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àríyànjiyàn kan ṣẹ́ kù tó ní láárí. Wọ́n ní onímọ̀ ẹ̀rọ ló ṣe kẹ̀kẹ́, ta ni èèyàn lásán tó fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe? Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni onímọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe é fún? Ọ̀pọ̀ irú kẹ̀kẹ́ oníná ló wà ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta péré, nígbà tí èèyàn kúkúrú àti gíga, ẹni kílò 55 àti ẹni kílò 110, jọ ń ra ọ̀kan náà. Ìjókòó tí wọ́n fi sí i jẹ́ èyí tó máa dùn ún jókòó sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí oníbàárà fi ń dán an wò ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ló ń tà á. Onímọ̀ ẹ̀rọ kò rí ìdí ẹni tó rà á rí. Ẹni tó ń tà á ló rí i, òun ló sì yẹ kó gbé páálí sílẹ̀, kó bi oníbàárà nípa ìwúwo rẹ̀, kó fi géèjì wọn táyà níṣojú rẹ̀, kó sì jẹ́ kó dá ìjókòó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìbínú. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń sọ pé ara á mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi bátìrì tó tóbi jù lọ̀ ọ́.